Ọ̀mì Kan ní Reykjavik

Bí ẹ bá ń kọjá lábẹ́ igi ìta gbangba, tí ẹ bá àwọn àgbà méjì nídìí ọpọ́n ayò, ẹ mọ̀ bí a ti ń kí wọn. A ó ní, "Mo kọ́ta, mo kópè o." Àwọn náà á dáhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, òpè ò gbọdọ̀ fọhùn." Ẹ kò rí i pé nínú ìkíni kékeré yìí, àwọn baba wa ti pín gbogbo àwọn tí ń ta ayò sí ọ̀nà méjì? Ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò í ta dójú àmì. Òpè ni ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Ọ̀ta ló ni ọ̀rọ̀ sọ. Òpè, kí ó panu mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ta àti òpè bá ta ayò títí, tí a ka ọmọ ayò tí olúkúlùkù jẹ, tí ó jẹ́ 24 síhìn-ín, 24 sọ́hùn-ún ńkọ́? Ta ni yóò fọhùn níbẹ̀?

Ìtàn irú ọ̀mì bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kì í ṣe ti ayò ọlọ́pọ́n o. Ti eré tí à ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì ni. Ìlú Reykjavik, tí í ṣe olú-ìlú Íslándì, erékùṣù olótùútù kan ní òkun àríwá, ni ó ti ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 2004. Àwọn méjì ló jókòó. Ọ̀kan jẹ́ ẹni 40 ọdún, òun sì ni a kà sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù ní gbogbo ayé lọ́jọ́ náà. Ìkejì jẹ́ ọmọ ọdún 13.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà ní ṣókí fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe àwọn òyìnbó ló dá a sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti ṣẹ̀. Láti ibẹ̀ ó dé Páṣíà, àwọn Lárúbáwá gbà á, wọ́n sì gbé e kiri kó tó wọ Yúróòpù. Pátákó rẹ̀ ní ojú 64, dúdú àti funfun. Ènìyàn méjì ní í ta á, olúkúlùkù sì ní ọmọ ogun 16: Ọba kan, Ayaba kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹlẹ́ṣin méjì, ilé ìṣọ́ méjì, àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí í ṣíwájú wọn. Ẹni tó bá ká Ọba ẹnì kejì mọ́ ibi tí kò ti lè sá mọ́ ló borí. Kò sí pé a ń ju nǹkan sílẹ̀ kí a máa wo ohun tí yóò mú wá, bí ẹ ti ń ṣe nídìí lúdò. Ohun gbogbo wà ní gbangba lójú àwọn méjèèjì. Bí o bá ṣubú, ọwọ́ ara rẹ lo fi ta á.

Ọ̀mì inú ṣẹ́ẹ̀sì kò rí bíi ti ayò. Ní ti ayò, kíkà la ó kà, ó parí. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ẹni tí ogun rẹ̀ kéré lè mọ odi yí Ọba rẹ̀ ká, kí ẹnì kejì wá ọ̀nà àbáwọlé títí kó má rí i. Bí ogun àwọn méjèèjì bá run débi pé kò sí èyí tó lè ká ìkejì mọ́, ọ̀mì ni. Bí ó bá kan ẹnì kan láti ta, tí Ọba rẹ̀ kò sí nínú ewu, ṣùgbọ́n tí kò ní ibì kankan tó lè ta sí, ọ̀mì náà ni. Bí ètò kan náà bá fara hàn lórí pátákó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹni tó bá fẹ́ lè béèrè ọ̀mì. Àwọn méjèèjì sì tún lè wo ara wọn lójú, kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kí wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó borí a gba máàkì 1, ẹni tí a borí a gba òfo. Bí ó bá jẹ́ ọ̀mì, wọn a pín máàkì kan ṣoṣo náà sí ìdajì-ìdajì.

Ìdajì-ìdajì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí, nítorí pé kì í ṣe ohun kan náà ni ó jẹ́ fún àwọn méjèèjì tó pín in.

Ní ti ayò, ẹnu la fi ń yan ọ̀ta. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Àwọn oníṣẹ́ẹ̀sì náà ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́, títí tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Arpad Elo fi gbé ìṣirò kan kalẹ̀. Ilẹ̀ Hùngárì ni a ti bí i ní 1903, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni ó dàgbà sí, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní físíìsì ní Yunifásítì Marquette ní ìlú Milwaukee. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe òpè nídìí ṣẹ́ẹ̀sì o. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà gba ìṣirò rẹ̀ ní 1960; ní 1970, ẹgbẹ́ ti gbogbo àgbáyé, tí à ń pè ní FIDE, gbà á pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni olúkúlùkù ọ̀ta ti ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, iye kan tí a kọ síwájú orúkọ rẹ̀ bí ìgbà tí a bá gbé ènìyàn sórí ìwọ̀n.

Àwọn kan rò pé òṣùwọ̀n yìí kàn ń sọ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ni. Iṣẹ́ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń sọ ohun tí a lè retí nígbà tí àwọn méjì bá pàdé. Bí òṣùwọ̀n wọn bá dọ́gba, kí olúkúlùkù máa retí ìdajì. Bí ọ̀kan bá fi 200 ju ìkejì lọ, bí wọ́n bá ta á nígbà 100, kí ẹni tó ga máa retí nǹkan bí máàkì 76. Bí ó bá fi 400 jù ú, ó di nǹkan bí 91. Lẹ́yìn eré, a ó fi ohun tí ènìyàn gbà wé ohun tí a retí pé kó gbà. Bí ó bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, òṣùwọ̀n rẹ̀ á gòkè. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, á wálẹ̀.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí ọ̀mì ń ṣe níbẹ̀. Bí a bá dá iṣu kan sí méjì lọ́gbọọgba, tí a fún ọlọ́rọ̀ tó ń retí odidi iṣu ní ìdajì, tí a fún ẹni tí kò retí ju èèpo lọ ní ìdajì yòókù, ohun kan náà ni wọ́n gbé lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan yóò máa kọrin lọ́nà, ọ̀kan yóò sì máa kùn.

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òṣùwọ̀n àgbàlagbà náà jẹ́ 2831. Ti ọmọ náà jẹ́ 2484. Àlàfo àárín wọn jẹ́ 347. Nínú máàkì 100, àgbà ni kó kó nǹkan bí 88, kí ọmọdé ṣa 12 tó kù nílẹ̀.

Garry Kasparov ni orúkọ àgbàlagbà yìí. Ìlú Baku ní Azerbaijan ni a ti bí i ní 1963, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má ṣe rò pé ẹni tó di ọ̀gá kò jìyà ọ̀mì rí. Ní oṣù kẹsàn-án 1984, nígbà tí Kasparov jẹ́ ọmọ ọdún 21, ó bá Anatoly Karpov, olúborí àgbáyé ìgbà náà, figagbága ní Moscow. Àdéhùn ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹ́fà ló ni oyè. Kò pẹ́ kò jìnnà, Karpov ti borí lẹ́ẹ̀marùn-ún, Kasparov kò borí lẹ́ẹ̀kan. Ó ku ẹyọ kan. Kí ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ṣe? Ó di ọ̀mì mú bí ẹni tó ń rì sínú odò ti ń di gbòǹgbò igi mú. Ọ̀mì lónìí, ọ̀mì lọ́la. Nígbà tí wọ́n fi dá ìdíje náà dúró ní oṣù kejì 1985, wọ́n ti ta á nígbà 48, 40 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀mì. Kasparov ti borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín rẹ̀. Karpov kò rí ẹyọ kan tó kù gbà. Nígbà tí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, Kasparov gba oyè ní oṣù kọkànlá, ó sì wà lórí rẹ̀ títí di 2000 tí Vladimir Kramnik fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ní 2004, kò sí ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ ga tó tirẹ̀.

Magnus Carlsen ni orúkọ ọmọdé náà, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, tí a bí ní ìlú Tønsberg ní oṣù kọkànlá 1990. Kò tíì gba oyè Grandmaster nígbà náà, èyí tí í ṣe oyè gíga tí FIDE ń fún àwọn ọ̀ta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ní oṣù kìíní ọdún kan náà, ó ti gba máàkì mẹ́wàá àti ààbọ̀ nínú 13 ní Wijk aan Zee ní Nẹ́dálándì, ó sì ṣe ipò kìíní láàárín ẹgbẹ́ kẹta àwọn tó wá síbẹ̀. Ní Reykjavik náà, ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí à ń sọ yìí, wọ́n ta èyí tó yá jù, tí ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ènìyàn ní láti fi ta gbogbo rẹ̀. Carlsen borí Karpov níbẹ̀, Karpov kan náà tó bá Kasparov wọ̀dìmú fún oṣù márùn-ún. Nítorí náà, nígbà tí ìkéde jáde pé Kasparov ni yóò kàn án lọ́la, àwọn tó mọ̀ nípa eré yìí ti ń na ọrùn wò.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ kò ṣàìmọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni Bobby Fischer ará Amẹ́ríkà ti gba oyè olúborí àgbáyé lọ́wọ́ Boris Spassky ará Sófíẹ́ẹ̀tì ní 1972.

Eré ẹ̀ẹ̀mejì ni a ṣètò fún wọn, èyí tí aago kì í jẹ́ kó pẹ́, ẹni tó bá sì kùnà yóò di ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Ní ti àkọ́kọ́, Carlsen ló mú funfun, ẹni tó bá sì mú funfun ló ń kọ́kọ́ ta. Kasparov pẹ́ kó tó dé. Ọmọ náà jókòó, ó ń wo àga tó ṣófo níwájú rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀gá dé, wọ́n bọ ọwọ́, eré bẹ̀rẹ̀.

Kasparov fi Ayaba rẹ̀ jáde ní kùtùkùtù sí ẹ̀gbẹ́ pátákó, láti yọ ẹlẹ́ṣin Carlsen lẹ́nu. Ọgbọ́n àtijọ́ ni èyí. Cambridge Springs ni wọ́n ń pè é, orúkọ ìlú kékeré kan ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣe ìdíje ńlá kan ní 1904, nígbà tí ó ku ọgọ́rùn-ún ọdún gééré kí ọjọ́ yìí tó pé. Ọmọdé náà kò bẹ̀rù. Ó dá gbogbo rẹ̀ lóhùn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kó ogun rẹ̀ jáde, ó sì fi bíṣọ́ọ̀bù gba ẹlẹ́ṣin. Láti ìgbà náà lọ, Kasparov ni ó ń sá, Carlsen ni ó ń lé.

Wọ́n ya fọ́tò sinimá ọjọ́ náà, a sì lè wò ó títí di òní. Àgbà náà ń fọwọ́ gbá orí mú, ó ń mirí, ó ń fa ojú ro. Ọmọ náà ńkọ́? Nígbà tí ó ta tirẹ̀ tán, ó dìde kúrò nídìí tábìlì, ó lọ ń wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ta tiwọn. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan tó ń gbọ́ mi yóò sọ pé àfojúdi ni. Kì í ṣe àfojúdi. Òfin gbà á láyè, àwọn àgbà oníṣẹ́ẹ̀sì náà a máa ṣe é. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé kò sí ẹni tó dà bíi pé kò mọ ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà tó ọmọ yìí.

Àwọn amòye tí wọ́n tú eré náà wò lẹ́yìn náà fohùn ṣọ̀kan pé Carlsen wà níwájú, àti pé ó ní àǹfààní láti borí. Kò rí i, tàbí pé ó rí i tí ọwọ́ rẹ̀ kò bà á. Aago sì ń sáré. Kasparov, tí Karpov ti fi ìyà kọ́ ní bí a ti ń sá kúrò lẹ́nu ikú, mọ odi rẹ̀ ní òkúta kọ̀ọ̀kan. Ogun àwọn méjèèjì ń dín kù. Nígbà tí olúkúlùkù ti ta nígbà 52, wọ́n gbà pé ó tó. Ọ̀mì ni. Kasparov bọ ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì yára jáde.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan tí wọ́n ń sọ ìtàn yìí pé ọmọ ọdún 13 na Kasparov. Kò nà án. Bí a bá ń sọ ìtàn fún ọmọdé, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ti rí. Ohun tó tilẹ̀ yani lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni èyí: ká ní wọ́n ka ọ̀mì yìí mọ́ òṣùwọ̀n wọn, nǹkan bí 4 péré ni ìbá kúrò lára Kasparov bọ́ sára Carlsen. Ṣùgbọ́n wọn kò kà á. Nígbà náà, FIDE kì í ka eré kíákíá mọ́ òṣùwọ̀n ẹnikẹ́ni. 2012 ni wọ́n tó dá òṣùwọ̀n sílẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ kejì ọ̀mì náà, 2831 ṣì ni 2831, 2484 ṣì ni 2484. Nínú ìwé, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìwọ̀n kì í purọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a ti gbé sórí rẹ̀ nìkan ló ń wọ̀n. Òṣùwọ̀n ọmọ tó ń dàgbà máa ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹ̀wù tí a dá fún un lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó bá rí bí Kasparov ti ń mirí lọ́jọ́ náà mọ̀ pé 2484 ti kéré sí ọmọ yìí.

Eré kejì ńkọ́? Kasparov padà wá, ó mú funfun, kò sì fi àyè sílẹ̀. Kò ju ìgbà 32 lọ tí wọ́n ta tí Carlsen fi juwọ́ sílẹ̀, ó sì jáde nínú ìdíje. Ìròyìn sọ pé nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní òun ta á bí ọmọdé. Ọmọ ọdún 13 ló sọ bẹ́ẹ̀ o!

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ní Dubai, ó gba oyè Grandmaster. Kò sì sí ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí tó ní oyè náà ní ayé nígbà náà. Kasparov fi ìdíje sílẹ̀ ní oṣù kẹta 2005, nítorí náà wọn kò tún pàdé nínú irú ìdíje ńlá tí à ń kà mọ́ òṣùwọ̀n. Ní 2009, Kasparov tilẹ̀ di olùkọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù kìíní 2010, òṣùwọ̀n Carlsen ló ga jù ní ayé, ó jẹ́ ọmọ ọdún 19. Ní 2013, ó kọjá 2851 tí Kasparov ti dé ní 1999, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọjá rí. Lọ́dún kan náà ó di olúborí àgbáyé. Ní 2014, ó dé 2882.

Nígbà náà ni òun náà wá di ọ̀ta tí gbogbo ènìyàn ń retí odidi iṣu lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2017, nínú ìdíje Ife Àgbáyé ní Tbilisi ní ilẹ̀ Georgia, ọmọ Nàìjíríà kan, Oluwafemi Balogun, ni ó kọ́kọ́ kàn án. Àlàfo àárín òṣùwọ̀n wọn ju 500 lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni Carlsen borí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí ìwọ̀n sọ náà ló ṣẹlẹ̀, bó ti máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá ti jókòó síbi tí Balogun jókòó sí mọ bí ìdajì máàkì ti wúwo tó.

Ní oṣù kẹsàn-án 2020, nígbà tí àrùn kòrónà kò jẹ́ kí ènìyàn rìnrìn-àjò, wọ́n ṣe ìdíje kan lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, oníkálukú láti ibi tó wà. Irú ṣẹ́ẹ̀sì tí Fischer dábàá ni wọ́n ta, èyí tí a kì í to àwọn ọmọ ogun ẹ̀yìn bí a ti ń tò wọ́n tẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè gbé ohun tó kọ́ sórí wá. Wọ́n pe Kasparov. Ó ti di ẹni 57 ọdún, ó sì ti pé ọdún 15 tó ti fi ìdíje sílẹ̀. Carlsen jẹ́ ẹni 29 ọdún, òun ni olúborí àgbáyé. Wọ́n ta á. Carlsen ló ní ọwọ́ òkè, àgbàlagbà náà sì mọ odi rẹ̀ bó ti mọ̀ ọ́n ní Reykjavik. Nígbà tí ó parí, wọ́n pín in sí ìdajì-ìdajì.